Àwo Tó Sán Nílé Suhe

Ní Qingtan, níbi tí odò ti rọra yí ìdí òkè po, inú èéfín la bí wa sí. Láàárọ̀, kùrukùru á gòkè láti ojú odò, èéfín ààrò á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, àwọn méjèèjì á pàdé lórí òrùlé wa, á wá dà bíi pé gbogbo abúlé ṣì wà nínú oorun kan náà. Inú irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Suhe ti máa ń jí. Kó tó bọ́jú, kó tó fẹ́ná, á kọ́kọ́ jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, á tẹ́tí. Àwo kan ló ń tẹ́tí sí.

Suhe kì í ṣe ọmọ Qingtan. Orí òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn tó ń gé igi páìnì fún ààrò wa. Ọjọ́ tí wọ́n ń mú un bọ̀ wá sílé ọkọ, bàbá rẹ̀ ò fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi lọ lófìfo, ló bá di igi ìdáná kún inú rẹ̀, ó sì fi ìyàwó tuntun sáàárín. Nígbà tí Suhe sọ̀ kalẹ̀ létí odò, èèpo igi wà nínú irun rẹ̀, oje páìnì sì lẹ̀ mọ́ aṣọ pupa tí wọ́n dá fún un. Tingrui, ọkọ tó wá pàdé rẹ̀, dúró níbẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ gbígbẹ lápá méjèèjì títí dé ìgúnpá. Kò tilẹ̀ fọ ọwọ́.

Tingrui wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Ó ní, "Ó dáa náà. Ìwọ gbé igi wá, èmi gbé amọ̀ wá. Iná nìkan ló kù."

Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò rẹ́rìn-ín débi pé aṣọ ẹnì kan bá omi lọ. Suhe fi apá bojú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ́rìn-ín kó tó bò ó.

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin ló ń mọ àwo, ọkùnrin náà ló ń tò ó sínú ààrò. Obìnrin kì í sún mọ́ ẹnu ààrò. Ṣùgbọ́n omi tí a ń fi bo àwo, èyí tó máa ń dán bí ojú adágún lẹ́yìn tó bá ti jáde nínú iná, obìnrin ló ń gún òkúta rẹ̀, tó ń po eérú mọ́ ọn, tó ń fi aṣọ sẹ́ ẹ bí ìgbà tí èèyàn ń sẹ́ ògì. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fún Suhe, ó sì bá a lára mu. Ó ń sẹ́ omi, ó ń gbàdúrà. Guanyin, Ìyá Aláàánú, ló ń ké pè, ẹni tí a gbà pé ó ń gbọ́ gbogbo igbe tó wà láyé. Àdúrà rẹ̀ ò gùn. "Ìyá, ìwọ tó ń gbọ́, gbọ́ tèmi." Á tún aṣọ fún, á tún un sọ. Àwọn obìnrin ẹbu, níbi tí a ti ń mọ àwo, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí wọ́n bá da omi Suhe sójú iná, àdúrà ló máa hó jáde.

Ní ìgbà òtútù kan, amọ̀ dúdú díẹ̀ ṣẹ́ kù lórí pákó Tingrui, kò tó nǹkan tí wọ́n lè fi mọ ìṣà. Ó bá fi mọ àwo pẹrẹsẹ kan, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, inú rẹ̀ ò jìn. Ó gbé e fún Suhe kó bò ó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bo àwo: a ó bò ó, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó tún un bò. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Ọ̀gá tó ni ẹbu ti mú Tingrui pé kó bá wọn kó ẹrù àwo lọ sí ìlú èbúté, kó sì bá ọkọ̀ ńlá rékọjá òkun nítorí ó mọ bí wọ́n ṣe ń di àwo tí kì í fọ́. Suhe ń bò, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bò, ó ń gbọ́. Ó gbàgbé pé òun ti bò ó tó.

Tingrui gba àwo náà, ó fi èékánná wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Áà, Suhe! Aṣọ òtútù lo wọ̀ fún un yìí."

"Jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Òtútù ń mú."

"Ó máa ya mọ́ ọn lára."

"Tó bá ya, ojú ẹ á là."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọjọ́ tí a máa ń ṣí ààrò. Tí wọ́n bá yọ òkúta ẹnu rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tútù bá kan àwọn àwo nínú lọ́hùn-ún, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Tín. Tín-ín. Tín. Omi tó bò wọ́n ló ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bàbá Geng, olórí ààrò wa, á gbé ọwọ́ sókè, kò sì sẹ́ni tí yóò la ẹnu títí àwọn àwo á fi sọ tiwọn tán. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ààrò. Àwọn ọmọ ọwọ́ pàápàá, wọ́n á fi ọmú dí wọn lẹ́nu. Àwọn obìnrin á dúró lẹ́yìn ọgbà ọparun, ojú wọn á dì, ohùn kéékèèké yẹn á máa rọ̀ sí wọn létí bí ìgbà tí òjò ń kán sínú igbó. Àwọn ará àtijọ́ ní adùn ohùn yẹn wà lára ohun tí òkú máa ń rántí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwo Tingrui jáde, gbogbo àwo dákẹ́, tirẹ̀ ò dákẹ́. Bàbá Geng sọ ọwọ́ kalẹ̀. Tín. Ó tún gbé e sókè. Tín-ín.

"Ta ló ni aláròyé yìí?" ni Bàbá Geng bi wọ́n.

"Ìyàwó mi ni," Tingrui dáhùn, "ìyẹn ẹni tó bò ó."

Ẹ̀rín sọ. Bàbá Geng yí àwo náà lọ́wọ́. Ìlà ti bò ó bí ojú arúgbó, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ó ní oníṣòwò ò ní rà á, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Tingrui wọ ọkọ̀. Suhe gbé bàtà koríko tuntun lé e lọ́wọ́. Tingrui gbà á. Ó ní, "Àwo yẹn ń sọ̀rọ̀ jù mí lọ. Jẹ́ kó máa bá ọ sọ̀rọ̀ dè mí. Tó bá ṣì ń dún, mò ń bọ̀ nìyẹn."

Àwàdà ló ń ṣe. Gbogbo wa la mọ Tingrui. Ṣùgbọ́n kùrukùru gbé ọkọ̀ náà mì níbi tí odò ti yí ìdí òkè po, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló sì ṣẹ́ kù sétí odò.

Kò padà wá. Àwọn tí wọ́n jọ lọ dé èbúté padà, wọ́n ní àwọn rí i tó gun ọkọ̀ ńlá, tó juwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ náà ò dé ibi tó ń lọ, kò sì padà síbi tó ti kúrò. Òkun ò fèsì.

Suhe gbé àwo náà síwájú ère Guanyin kékeré tí wọ́n fi igi gbẹ́, èyí tó mú wá láti ilé bàbá rẹ̀. Láràárọ̀, á jó tùràrí, á se tíì, á rọra bù ú sínú àwo fún Ìyá, á wólẹ̀. Kó tó gbé orí sókè, àwo á dún. Tín. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀kan, nígbà mìíràn léraléra. Á wá dìde, ojú rẹ̀ á tutù, á lọ síbi iṣẹ́. Tíì ń wọnú ìlà wọ̀nyẹn. Àwọn ìlà àtijọ́ ti dúdú bí okùn irin, àwọn tuntun sì pọ́n féfé bí òwú wúrà. Suhe mọ̀ wọ́n bí àgbẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà oko rẹ̀. Tó bá rí èyí tuntun, á fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á máa rò ó pé bóyá ọ̀nà tí Tingrui ń tọ̀ bọ̀ nìyẹn, pé ó ti dé ibi ìsọdá kan, pé ó ń bi àwọn èèyàn léèrè ọ̀nà.

Tingbao, àbúrò Tingrui, ni kò jẹ́ kó sinmi. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Chunya, jọ ń gbé agbo ilé kan náà pẹ̀lú Suhe. Ọdọọdún, tí ọjọ́ ìgbálẹ̀ ibojì, tí a máa ń tún ibojì ṣe, tí a sì ń gbé oúnjẹ fún àwọn òkú wa, bá ti ń sún mọ́lé, Tingbao á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà Suhe, á máa fi igi ha ilẹ̀.

"Ìyàwó wa."

"Ọkọ mi kékeré, ẹ káàárọ̀. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá."

"Tó o bá mọ̀ ọ́n, dá mi lóhùn. Ṣé kí n gé pákó?"

Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le. Òkú tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sórí pákó nílé kò ní ibi ìjókòó nígbà tí àwọn bàbá bá ń jẹun. Á máa rìn kiri pẹ̀lú ebi, á máa yọjú lójú fèrèsé ilé ara rẹ̀ bí àlejò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ orúkọ alààyè sórí pákó, tí wọ́n jó tùràrí sí i, wọ́n ti tilẹ̀kùn ayé mọ́ ọn nìyẹn. Níbikíbi tó bá wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù, kò ní lè délé mọ́. Nítorí náà, ohun tí Tingbao ń bèèrè lọ́wọ́ Suhe ni pé èwo nínú méjèèjì ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún ọkọ rẹ̀: kó febi pa á ni, àbí kó tilẹ̀kùn mọ́ ọn?

"Àwo ṣì ń dún," ni Suhe máa ń fèsì.

"Àwo ṣì ń dún," Tingbao á tún un sọ, á ju igi nù, á dìde. Kì í bá a jiyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé láràárọ̀ tí Tingbao bá ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé Suhe lọ síbi iṣẹ́, á dín ẹsẹ̀ kù títí yóò fi gbọ́ ọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́dún kan, bí òtútù ṣe ń lọ, ibà dá Suhe wólẹ̀. Kò lè dìde. Ó bẹ Chunya pé kó máa bá òun bu tíì fún Ìyá láàárọ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Chunya wí. "Ṣé tíì náà ni n ò ní lè bù?"

Chunya kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹlẹ́dẹ̀ ń bẹ tó ń bọ́, aṣọ ń bẹ tó ń fọ̀, kò sì fẹ́ràn kó máa dáná lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀. Ó ń bù ú, ó ń wólẹ̀, ó ń lọ.

Àwo ò dún.

Suhe dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ibà, ó na etí. Ó gbọ́ òjò lórí òrùlé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Chunya. Ó gbọ́ tíì tó ń dà sínú àwo, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan. Nínú ibà yẹn, ó rí i bíi pé odò ti wọ inú yàrá, ó ń ṣàn kọjá lábẹ́ ibùsùn, kò pariwo, ó ń gbé àwọn àwo léfòó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì yadi. Lọ́jọ́ kejì bákan náà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e bákan náà. Ó yíjú sí ògiri.

Tingbao náà ti gbọ́ ìdákẹ́ yẹn lẹ́yìn fèrèsé. Ó lọ sẹ́yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀, ó sunkún níbẹ̀ títí ẹlẹ́dẹ̀ fi wá ń gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó mú ayùn, ó lọ gé igi olóòórùn dídùn tí a fi ń ṣe pákó orúkọ. Ó là á, ó dán an, ó gbé e sábẹ́ òrùlé kó gbẹ. Ó ku kó kọ orúkọ sí i.

Ara Suhe yá díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ lè dúró, ó di ògiri mú dé ìdí ààrò ìdáná, ó fẹ́ná, ó se tíì fúnra rẹ̀. Ó bù ú sínú àwo.

Tín. Tín-ín. Tín.

Igbe tó ké mú gbogbo agbo ilé sáré wá. Tingbao wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Chunya tẹ̀ lé e, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dún!" ni Suhe ń sọ. "Ẹ wá gbọ́ o! Ọkọ mi kékeré, ẹ lọ fi pákó yín dáná! Ó dún!"

Tingbao fà sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀ mọ́ ọn lójú. Chunya nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ooru tó ń rú jáde lójú àwo.

"Ìyáálé mi," ó ní, "ẹ má bínú sí mi."

"Kí lo ṣe?"

"Tíì tí mo ń bù sí i lọ́jọ́ wọ̀nyẹn… kò gbóná."

"Kò gbóná báwo?" ni Tingbao bi í.

"Èyí tó ṣẹ́ kù lálẹ́ ni mo ń bù. Ó ti tutù. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ó gbóná, ó dún. Ó tutù, kò dún."

Tingbao dìde fùú. "Chunya! Mo ti sunkún tán! Mo ti gé igi!"

"Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ máa sunkún nítorí tíì àná?"

"Ìwọ obìnrin yìí, ìmẹ́lẹ́ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ nígbà náà, kẹ́ ẹ wá rí bóyá ẹ máa ráyè dáná!"

Wọn ì bá máa bá a lọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú Suhe, wọ́n dákẹ́. Ó ti yé e kó tó yé wọn. Bí ìdákẹ́ àwo bá jẹ́ tíì tútù, a jẹ́ pé ohùn rẹ̀ náà, tíì gbígbóná ni. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tó ti ń wólẹ̀, tó ń gbọ́ ìdáhùn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bu ìdáhùn náà. Bí Tingrui bá sì ti kú láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Ebi ti ń pa á láti ìgbà wo? Ìgbà mélòó ló ti yọjú lójú fèrèsé, tó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí àwo?

Suhe lọ bá Bàbá Geng. Bàbá náà ti darúgbó gan-an nígbà yẹn, ó máa ń jókòó síbi tí ara ààrò ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn iná, bí ológbò.

"Bàbá, kí ló ń mú àwo dún?"

"Aṣọ tó wọ̀ ló kéré jù ú lọ," ni Bàbá Geng dáhùn. "Iná ló wọ̀ ọ́ fún un, nígbà tó wá tutù, aṣọ fún mọ́ ọn, ló bá ń ya. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Tí ẹ bá fi nǹkan gbígbóná ta á jí, á yá kánkán."

"Ṣé kò sí ọwọ́ Ìyá nínú ẹ̀ rárá?"

Bàbá Geng pa ojú dé. Suhe rò pé ó ti sùn lọ.

"Suhe, ọmọ mi, láti kékeré ni mo ti ń jó tùràrí fún ààrò yìí. Nígbà mìíràn mo jó o dáadáa, gbogbo àwo wó lulẹ̀. Nígbà kan inú ń bí mi, mi ò jó o, àwo jáde bí òṣùpá. Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣì ń jó o?"

"Ṣé kí n wá jókòó síwájú iná ńlá báyìí, kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀?"

Suhe padà sílé. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, tíì tútù ló ń bù síwájú Guanyin. Ó fẹ́ gbọ́ bóyá Ìyá máa sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi ooru bẹ̀ ẹ́. Ó wólẹ̀, ó gbé iwájú orí lé ilẹ̀, ó dúró. Kò sí nǹkan kan. "Ìyá, ìwọ tó ń gbọ́," ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, nítorí kò dá a lójú mọ́ bí gbólóhùn náà ṣe parí. Ó rò pé òun á bínú. Kò bínú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú kùrukùru fún ìgbà pípẹ́, tó wá ń rò ó bóyá òkúta ni. Síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì ó tún wólẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ò mọ nǹkan mìíràn í ṣe láàárọ̀.

Ọjọ́ ìgbálẹ̀ ibojì ku ọ̀la. Tingbao ti pọ yíǹkì. Ó gbé pákó náà wá síta láti abẹ́ òrùlé, ó fi í ti ògiri níbi tí Suhe ti lè rí i. Òórùn dídùn igi náà gba gbogbo agbo ilé.

Ní ìdájí, nígbà tí kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Suhe lá àlá. Tingrui dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tutù. Bàtà koríko tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òun náà tí Suhe gbé lé e lọ́wọ́, amọ̀ gbígbẹ sì wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá. Lẹ́yìn rẹ̀, odò àti ojú ọ̀run ní àwọ̀ kan náà, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì wà lára àwọn méjèèjì.

"Tingrui," Suhe bi í lójú àlá, "sọ fún mi. Ṣé òkú ni ẹ́ ni, àbí alààyè?"

Tingrui wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Suhe, ebi ń pa mí," ó ní. "Kí lo sè?"

Ó jí. Kò sunkún. Ó dìde, ó fẹ́ná, ó sì gbé ìrẹsì kaná. Ó wa ọ̀mùnú ọparun lẹ́yìn ilé, erùpẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ó gé e, ó fi atalẹ̀ àti ẹja oníyọ̀ sè é bí Tingrui ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Tingbao wọlé pẹ̀lú pákó lábẹ́ apá àti gègé lọ́wọ́, tí Chunya sì gbé àwo yíǹkì tẹ̀ lé e, wọ́n bá tábìlì nílẹ̀ láàárín yàrá. Àga kan wà nídìí rẹ̀, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Suhe ti gbé àwo Tingrui kúrò níwájú Guanyin, ó ti nù ún, ó ti gbé e sójú tábìlì.

"Ìyàwó wa, kí lèyí?" ni Tingbao bi í.

"Oúnjẹ ẹ̀gbọ́n yín ni."

Chunya sún mọ́ ọn. Ó wo igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a fi ń jẹun, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Tó bá jẹ́ oúnjẹ òkú, wọ́n á rì wọ́n sínú ìrẹsì lóòró. Suhe tẹ́ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ fún ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tùràrí ń jó níwájú àga náà, bí ìgbà tí wọ́n ń pe òkú.

"Ìyáálé mi, èyí ò já sí ti òkú, kò já sí ti alààyè," ni Chunya wí.

"Ti ẹni tí ebi ń pa ni," ni Suhe dáhùn. "Mo ti ń bèèrè ní gbogbo ọdún wọ̀nyí bóyá ó kú àbí ó wà. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, bóyá kò sì sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn. Tó bá wà láàyè, oúnjẹ rẹ̀ rèé. Tó bá ti kú, oúnjẹ rẹ̀ náà rèé. Ìyàwó rẹ̀ ni mí. Oúnjẹ ni mo lè sè."

"Pákó ńkọ́?" ni Tingbao bi í, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹ gbé e wá."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, pákó tí kò sí orúkọ lórí rẹ̀, tó dán, tó ń ta sánsán. Ó wò ó dáadáa, nítorí ó mọ ẹkún tó wà lára rẹ̀. Ó wá fi í dé ìkòkò ìrẹsì.

"Ó ṣe wẹ́kú," ó ní. "Kò ní jẹ́ kó tètè tutù."

Tingbao gbé gègé sílẹ̀. Chunya ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu nítorí ọjọ́ òkú ni. Suhe ṣí ìkòkò, ó bu ìrẹsì gbígbóná sínú àwo pẹrẹsẹ náà, ooru rú bo ojú rẹ̀.

Tín.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró láìmira, bí ìgbà tí Bàbá Geng bá gbé ọwọ́ sókè. Tín-ín. Tín. Ìlà tuntun kan ń rìn lábẹ́ ìrẹsì níbi tí ojú wọn ò tó.

"Ìrẹsì ni o, Ìyáálé mi," ni Chunya rọra sọ nígbà tó dákẹ́.

"Mo mọ̀," ni Suhe wí. "Ìrẹsì ni." Ó sì kúnlẹ̀, ó wólẹ̀, ó sọ àdúrà rẹ̀ títí dópin.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ náà lọ. Tí tùràrí bá jó tán, tí àga bá ṣì ṣófo, á gbé àwo náà jáde sí ojú ọ̀nà odò, á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá. Atukọ̀ jẹ ẹ́, aláàárù igi jẹ ẹ́, àwọn àlejò tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ jẹ ẹ́. Á jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń jẹun, á bi wọ́n bóyá iyọ̀ tó. Ó sọ fún Chunya nígbà kan pé bóyá obìnrin kan wà ní èbúté kan lókè òkun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tingrui. Chunya ní bóyá obìnrin náà arẹwà ni. Suhe ní tí oúnjẹ rẹ̀ bá ti dùn, òun ò ní jowú, àfi díẹ̀.

Ó darúgbó níbẹ̀, eyín rẹ̀ ká, kò lè sẹ́ omi mọ́. Àwo náà ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó dé àkókò kan tó jẹ́ pé, bí ìrẹsì ti wù kó gbóná tó, kò dún mọ́; aṣọ rẹ̀ ti bá a lára mu. Suhe ò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ló fà á. Láàárọ̀, á jí, á jókòó sórí ibùsùn, á tẹ́tí díẹ̀ sí kùrukùru, á sì dìde lọ gbé omi ìrẹsì kaná, á wá fi pákó olóòórùn dídùn yẹn dé e.